Ẹ̀fín Nínú Yàrá Ìránṣọ

Nígbà tí àrùn tuntun náà dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ sì di dẹ́rẹ́bà ìyàwó mi. Dókítà ni Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tọpa àrùn: ibi tó ti wá, ẹni tó ràn, ọ̀nà tó gbà wọlé. Àwọn dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wọn ti sá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Lásìkò yẹn, ọwọ́ ni gbogbo ayé ń fọ̀. Ìyá mi tilẹ̀ ń fi ọṣẹ fọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, àrùn ń ràn bí iná tó rí pápá gbígbẹ.

Wọ́n wá rán ìyàwó mi lọ sí ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan tó ní yàrá méjì. Nínú yàrá ńlá, tí wọ́n máa ń tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣàìsàn, àwọn kan sì kú. Nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ ti bàjẹ́, fèrèsé ni wọ́n ń ṣí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn ń dì mú, sísọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń yá ara wọn. Àwọn èèyàn ti rí ẹni di ẹ̀bi rù: obìnrin aránṣọ kan nínú yàrá ńlá tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́yá, torí pé ó yára ju ẹ̀rọ lọ. Òun ló kọ́kọ́ wúkọ́. Ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó ń kí i mọ́.

Ìyàwó mi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ní láàbù, wọ́n yẹ kòkòrò àrùn tó wà lára wọn wò. Gbogbo rẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá kan. Orísun kan ni. Àmọ́ àwọn kan jókòó jìnnà réré sí Ọwọ́yá. Ìyàwó mi gbójú sókè wo ẹ̀rọ amúlétutù títí, ó wá ní kí n lọ ra òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń tàn. Mo rò pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́.

Ó tan òògùn náà lórí àga Ọwọ́yá, ó sì tan ẹ̀rọ. Ẹ̀fín gòkè, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ gbá a lọ sí ògiri ọ̀hún, ó ṣẹ́rí padà, ó sì ń kọjá lórí àmì ṣọ́ọ̀kì lọ́kọ̀ọ̀kan. Igun tí kò dé, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ò ṣàìsàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ìyàwó mi níṣẹ́ ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti àrùn náà. Bàbá náà ti sọ lórí rédíò pé ọwọ́ ni àrùn ń gbà ràn. Nígbà tí ìyàwó mi lọ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ó ní tí a bá dárúkọ afẹ́fẹ́, ẹ̀rù á pa aráàlú.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dé yàrá yẹn. Tí ẹ bá wò ó tí ẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tí mo ti ṣìnà.”

Bàbá wá. Ó wo ẹ̀fín náà. Ó ní ká tan òmíràn níbòmíràn, ó ní ká ṣí fèrèsé, ẹ̀fín sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀fín nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ó sì rán àwọn èèyàn lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọkọ̀ èrò àti ilé ìwòsàn. Nígbà tí èsì wọn bára mu, ó padà sórí rédíò ó ní, “Ohun tí mo sọ fún yín tẹ́lẹ̀ kò pé.” Mo mọ ọ̀mọ̀wé tí ikú tẹ́ lọ́rùn ju kó sọ gbólóhùn yẹn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé káàkiri nìyẹn, tí ìbòmú sì di dandan. Àrùn ò tán, àmọ́ ó rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo nílé ìwòsàn títí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi dé. Àwọn ọmọ wa sọ ìyá wọn ní Ìyá Fèrèsé.

Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ yẹn tó dé, ó ní kí n gbé òun lọ sílé Ọwọ́yá. Ìta ni a jókòó sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ ò pa ẹnikẹ́ni. Èémí lẹ kàn ń mí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ló gbé àrùn kiri.”

Ọwọ́yá bi í pé, “Tí wọ́n bá ti ṣí fèrèsé, ṣé ọ̀rẹ́ mi ì bá wà láàyè?”

Ìyàwó mi ò parọ́. “Mi ò lè búra. Ó ṣeé ṣe.”

Obìnrin náà sunkún, a ò sì pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó bèèrè bóyá àwọn ilé iṣẹ́ ìránṣọ yòókù ti gbọ́. Ìyàwó mi ní àwọn kan gbọ́, àwọn kan ní àṣejù dókítà ni. Ọwọ́yá ní wọ́n á gbọ́ tòun, torí òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aránṣọ ibẹ̀ níṣẹ́. Ó dìde, ó ní ká dúró kóun wọ bàtà.