Àtẹ̀gùn Tí A Kò Kà

Ẹni tí kò bá ṣe eré orí ìtàgé rí lè má mọ ìdí tí ara òṣèré fi máa ń kan lọ́jọ́ tí a bá ń fi iná àti ìró dánra wò. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Yóò sọ gbólóhùn kan, a ó ní kó dúró. Yóò dúró bí òpó, a ó máa tan iná sí i lójú, a ó máa pa á, a ó sún un sọ́tùn-ún, a ó sún un sósì, títí omi yóò fi máa bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ẹni tó kú. Àwa tí a ń tan iná la ni ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi fi ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí, torí ọwọ́ mi yìí ló pa iná.

Ẹ̀gbọ́n mi ni òṣèré àgbà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ojú títì. Nígbà tí ìyá wa wà láyé, tó bá ń di irun fún un tó ń sunkún, oríkì ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: Arìn-má-kọsẹ̀, ọmọ òṣùmàrè tí í ré ojú ọ̀run kọjá tí kì í bèèrè ọ̀nà, ẹlẹ́sẹ̀ ire tí ilẹ̀ ń rọ̀ fún bí òwú. Oríkì náà mọ́ ọn lára. Nínú eré tí a ń ṣe yìí, òun ni opó tó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Iná yóò kú pátápátá, opó yóò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé nínú òkùnkùn biribiri, nígbà tí iná bá sì tàn, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti wà lára ilẹ̀kùn. N ó ka ení títí dé èjìlá, n ó tan iná. Ìwọ̀n tí mo fún un nìyẹn.

Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Oṣù kan àtààbọ̀ la fi dánra wò nínú yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn rárá. Téèpù funfun mẹ́sàn-án la lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi a dijú, a máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ a máa mì. Nílé, ó ń kà á bó ṣe ń fọ abọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá jí màmá òun lójú oorun, “mẹ́sàn-án” ni yóò fi dá a lóhùn.

Ẹni tó ń darí eré náà, Ó-Yá là ń pè é lẹ́yìn, torí ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ju ó yá, ó yá lọ. Ó ní làákàyè, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ń bá aago jà bí orogún.

Àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa tó ti wà kí wọ́n tó bí Ó-Yá. Bí ohunkóhun bá yí padà lórí ìtàgé, ìbáà ṣe àga kan ṣoṣo la sún, gbogbo òṣèré ni yóò kọ́kọ́ rìn yí ká nínú iná títàn kí ẹnikẹ́ni tó rìn níbẹ̀ lókùnkùn. Ìrìn ojúmọmọ là ń pè é. Ó wà nínú ìwé ètò wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó-Yá mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lé e lórí. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú ni yóò jẹ, ó ní kò sí ọmọ ìrákòrò nínú wa. Mo wà níbẹ̀. N kò sọ̀rọ̀. Mo ń to ìwé iná mi sórí pákó tí a gbé lé ìjókòó àwọn òǹwòran, mo ń mu tíì tó ti tutù.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la dé ibi òkùnkùn náà. Màmá Ìwé ni obìnrin tó di ìwé àmì mú, ohùn rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ etí, bí kò bá pe àmì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Ó ní ká múra sí àmì kẹrìnlélógójì. Ó ní lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀ ṣú.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bá a kà á nínú ọkàn mi. Ẹ̀kẹsàn-án lọ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ gbì, bí ìgbà tí àpò símẹ́ǹtì já bọ́ láti orí ọkọ̀.

Mo tan iná kí Màmá Ìwé tó pè é. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ká sábẹ́ ara, aṣọ opó ti ya létí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ẹsẹ̀ tó ń wú. Ẹ̀yìn ló ń wò, ó tẹjú mọ́ àtẹ̀gùn yẹn, ètè rẹ̀ ń mì.

Ó-Yá kò bi í bóyá ó dùn ún. Ó wá sí etí ìtàgé, ó fi ohùn dídùn sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé kò sí ìtìjú nínú ọjọ́ orí, pé ojú ní ìgbà tirẹ̀, ẹsẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ó ní kí Àǹtí lọ sinmi. Ó ní kí ọmọbìnrin tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ opó sórí, kó lè rọ́pò rẹ̀ bí àìsàn bá dé, lọ wọ aṣọ kejì, ká wo tirẹ̀. Bó bá ṣe dáadáa, òun ni yóò jẹ́ opó lọ́la.

Mo bu omi tútù, mo lọ di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sunkún. Ó kàn fà mí mọ́ra, ó sọ sí mi létí pé: “Mẹ́sàn-án ni mo kà. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.”

Mo gbójú sókè, mo ka àtẹ̀gùn náà. Mo tún un kà, torí ojú ẹni tínú ń bí lè purọ́. Mẹ́wàá ni.

Káfíńtà wa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń ṣa ìṣó. Nígbà tí mo bi í, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní lọ́sàn-án àná, Ó-Yá lọ jókòó sórí ìlà ìjókòó tó kẹ́yìn, ó ní òun kò rí òkè ilé opó dáadáa, ó sì ní kí káfíńtà gbé e ga sí i. Bí òkè bá ga, àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ lé. Òun sọ fún Ó-Yá pé ó ti di mẹ́wàá, Ó-Yá ní òun yóò sọ fún àwọn òṣèré. Káfíńtà sì rò pé ìrìn ojúmọmọ yóò fi hàn wọ́n láàárọ̀.

Bó bá ṣe pé Ó-Yá kò mọ̀ ni, ǹ bá dárí jì í. Ó mọ̀, ó gbàgbé, ó wá mú ìgbàgbé tirẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn, ó pè é ní ogbó.

A padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ti wà lókè, ó di etí aṣọ opó mú, kò sẹ́ni tó sọ fún òun náà. Ó-Yá ní ó yá. Màmá Ìwé ní ká múra. Mo yọ ẹ̀rọ etí mi. Mo ní Olúwa, fi ìjánu sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n má fà á jù. Mo dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò ní pa iná. Àtẹ̀gùn ti di mẹ́wàá.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ìgbà tí atanná di olùdarí. Ó ní ìka tó lè tẹ bọ́tìnnì pọ̀ nínú ilé yìí, ó sì kọjú sí Màmá Ìwé pé kó pe àmì. Màmá Ìwé pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń pe àmì, òun kò pe èèyàn sínú kòtò rí, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó yíjú sí káfíńtà.

“Káfíńtà, mélòó ni àtẹ̀gùn yẹn?”

“Mẹ́wàá ni, mà. Mo ti sọ fún ọ̀gá lánàá.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí Ó-Yá ṣe? Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ráhùn pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà lórí òun, pé òṣèré tó mọṣẹ́ yẹ kó ní ojú ní àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Òkùnkùn nìyẹn. Ó-Yá tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tiro dé ìdí àtẹ̀gùn. Ó ní kí ọmọbìnrin náà rọra máa bọ̀, kó lọ bọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ó-Yá.

“Ọ̀gá, ẹ gòkè, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ kà á sókè.”

Ó gòkè. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó di igi ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń kà á bí ọmọ tí olùkọ́ dúró tì, nígbà tó sì máa dé ẹ̀kẹwàá, ohùn rẹ̀ ti kéré. Inú mi ti ń dùn. Mi ò mọ̀ pé ó kù. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí mi.

“Ìwọ náà, bọ́ síbí. Ìwọ lo pa iná. Ṣé kò yẹ kí ẹni tó ń pa iná mọ ohun tí òkùnkùn rẹ̀ ń bò?”

Mo rí ìlà tí wọ́n fà láàárọ̀, mo ń mu tíì. Mo gòkè, mo kà á bọ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi lẹ téèpù funfun mọ́ etí ẹ̀kẹwàá.

Ó-Yá kò tọrọ àforíjì. Ó ní Àǹtí ni yóò máa bá a lọ, bí ẹni ń ta èèyàn lọ́rẹ. Ó tún ní ó yá.

Màmá Ìwé ní lọ, ilẹ̀ ṣú. Mo gbọ́ ẹ̀kẹjọ, mo gbọ́ ẹ̀kẹsàn-án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó tó ìwọ̀n èémí kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀kẹwàá. N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sọ èjìlá di ẹ̀rìnlá. Nígbà tí mo tan iná, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Ó-Yá pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ tèmi náà.