Ìkòkò Òdòdó Tó Yẹ Kí Wọ́n Ti Fọ́

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò nílé iṣẹ́ dígí kan nílùú Nový Bor. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa wá àléébù lọ. Èyí tó bá ní àléébù, màá fi ẹfun fa àgbélébùú sí i, wọn á fọ́ ọ, wọn á sì dà á padà sínú ìléru. Àwọn tó ń fẹ́ dígí, ìyẹn àwọn tó ń fi ọ̀pá fẹ́ atẹ́gùn sínú dígí yíyọ́, kò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì tọrọ ìfẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n ojú mi kò kógbá sílé. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn èèyàn máa ń gbé ìkòkò òdòdó onídígí wá bá mi ní gbọ̀ngàn ìlú, kí n sọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é. Kò sí orúkọ lára wọn. Bébà la máa ń lẹ̀ mọ́ ọn láyé ọjọ́un, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyàwó ilé bá sì fọ̀ ọ́ ni orúkọ máa bómi lọ.

Ní Sátidé kan lọ́dún 1998, Květuše, opó Lojza tó bá wa ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ dígí, wá. Zbyněk ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti wa ọkọ̀ ẹrù ilé iṣẹ́ wa rí, tẹ̀lé e wá, kì í sì í ṣe láti gbè é. Květuše yọ ìkòkò aláwọ̀ ewé kan látinú báàgì. Pẹ́gì ìsáṣọ mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ìyáàfin Draha, ẹ bá mi wò ó," ó ní. "Lojza fún mi kó tó fẹ́ mi. Ó ní òun fọwọ́ ara òun ṣe é. Àwọn tó ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní àwọn á gbé e síbẹ̀, àwọn á kọ orúkọ ẹ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá lè fọwọ́ sí i pé òun ló ṣe é. Ogójì ọdún ló fi fẹ́ dígí. Orúkọ ẹ̀ ò sí lára nǹkan kan àfi òkúta ibojì."

"Ìyàwó wa, ibùdókọ̀ rélùwéè ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀," Zbyněk ní. "Èmi ni mò ń fọkọ̀ kó wọn lọ. Lojza tó ní òun jẹ òkèlè knedlíky mẹ́rìnlélógún níjókòó kan, òun lo gbà gbọ́?"

"Mẹ́rìndínlógún ló ní."

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a."

Mo tan iná tábìlì, mo gbé ìkòkò náà sókè. Àwọ̀ ewé yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún 1961 nìkan la yọ́ irú rẹ̀ kí wọ́n tó yí èròjà padà. Mo fìka ra ìdí rẹ̀, ó ti họ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ohun tí wọ́n ti ń gbé kalẹ̀ tipẹ́ ṣe máa ń họ. Mo wá fi irin ìwọ̀n wọn ikùn rẹ̀. Ó fi mìlímítà mẹ́rin tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ sì hunjọ bí awọ orí wàrà gbígbóná.

Igi ni mọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fẹ́ dígí sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ wa. A máa ń rẹ ẹ́ sómi, síbẹ̀ á máa jó díẹ̀díẹ̀, ihò inú rẹ̀ á sì máa fẹ̀. Bó bá ti fẹ̀ ju mìlímítà méjì lọ, èmi ni mò ń pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ọ́ nù.

"Àléébù ni," mo ní, láìronú. "Ká ní ó dé iwájú mi ni, wọn ì bá ti fọ́ ọ."

Květuše fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Zbyněk rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i? Èyí tó rà gan-an, ọjà ẹ̀dínwó ni."

Inú bí mi. Kò sí ọjà ẹ̀dínwó nílé iṣẹ́ wa nígbà tèmi.

"Zbyněk, ṣé o ti gbé ìkòkò tí mo fa àgbélébùú sí rí?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó o máa ń dúró ti ẹni tó ń fọ́ ọ!"

"Báwo lèyí ṣe wá dé ibùdókọ̀ rélùwéè?"

Ìkòkò tí kò lè kọjá lọ́dọ̀ mi kò lè dé ilé ìtajà kankan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, àwọn tó ń fẹ́ dígí máa ń mú mọ́ọ̀dù tí mo ti ní kí wọ́n sọ nù, wọ́n á fi ṣe nǹkan fún ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà wọn, wọ́n á sì gbé e sínú àpò oúnjẹ lọ sílé. Èmi á kọjú sógiri, màá máa jẹ búrẹ́dì mi. Èmi tí mò ń rí mìlímítà méjì, n kì í rí ìyẹn.

Mo yọ awò tí mo fi ń wo nǹkan tín-tìn-tín látinú àpò, mo yẹ ọrùn ìkòkò náà wò. Ẹni tó ń fẹ́ dígí kì í yé yí ọ̀pá, àwọn ìlà tín-tìn-tín inú dígí á sì lọ́ síbi tó bá ń yí i sí. Ọ̀tún ni gbogbo ti ilé iṣẹ́ wa máa ń lọ́ sí. Èyí lọ́ sósì. Inú mi dùn gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí àléébù máa dùn mọ́ mi.

"Zbyněk, ta ni ọlọ́wọ́ òsì tó wà láàárín àwọn tó ń fẹ́ dígí lọ́dún 1961?"

Ó ṣí fìlà lórí. "Ẹnì kan ṣoṣo ni," ó ní. "Ìyá wa lù ú tì nítorí ọwọ́ yẹn."

Mo mú káàdì, mo kọ orúkọ Lojza sí i, mo kọ ọdún, mo sì kọ ọ́ pé ìgbà ìsinmi ọ̀sán ló ṣe é. Mo fọwọ́ sí i. Květuše kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Lọ́jọ́ tó fún mi, mo fi í rẹ́rìn-ín," ó ní. "Mo ní irọ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo wá ń kó pẹ́gì sí i. Ọdún mẹ́tàdínlógójì. Kò bínú rí. Tó bá ti rí i lójú fèrèsé, á kàn ní, 'Ṣáà má fọ́ ọ.'"

Nígbà tó yá, mo ní kó fi ìkòkò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Rárá o, Ìyáàfin Draha. Ẹ jẹ́ kó sùn nílé lónìí àti lọ́la. Mo fẹ́ fi òdòdó sí i ná, káwọn èèyàn tó wá máa wò ó."

"Òdòdó pọ̀ lọ́gbà mi," Zbyněk ní. "Màá já díẹ̀ wá."

"Èmi ni màá já a," Květuše dáhùn, ó sì da pẹ́gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Zbyněk lọ́wọ́.