Màmá Jókòó sí Ilé Àná

Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri ìlú pè é ní Ọjọ́ Ayọ̀ Tẹbí-Tará, wọ́n sì ya ìdílé kan sí i tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń làágùn nínú àwòrán náà. Kò sì sẹ́ni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri.

Oníná mú màmá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀rù wáyà kankan, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti há a lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ sọ fún màmá rẹ̀ pé tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti parí, ilé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló máa kó lọ. Yàrá ò tó, àwọn ọmọ sì ti ń dàgbà. Gbogbo àlàyé tí ìyàwó rẹ̀ ṣe fún un ló mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló sì mú kó ṣòro sọ.

“Olówó orí mi,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. “Òní ni o. Ẹ má tún gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà wálé.”

“Màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀. Inú wọn á ti dùn nígbà yẹn.”

“Ọgbọ́n yín pọ̀,” ni ìyàwó wí, ó bá jáde lọ síbi iṣẹ́.

Inú Màmá ò kúkú dùn. Ní pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin kan ń lọ́ bàlúùnù di ajá. Òun ló ní ajá ni. Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n ní idà ni, ni wọ́n bá fi ń na ara wọn.

“Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan.”

“Sọ ọ́.”

“Ṣé… ṣé oòrùn ò pa yín báyìí?”

“Ó ń pa mí. Ṣé ọ̀rọ̀ náà nìyẹn?”

Wọ́n kọjá síbi ìpàtẹ kan tí wọ́n kọ “Fọwọ́ Kàn Án, Kí O Kẹ́kọ̀ọ́” sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Okùn ni wọ́n fi yí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ká, obìnrin kan sì dúró tì wọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pariwo “ẹ má fọwọ́ kàn án” lọ. Àwọn ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi kí yín o, Màmá.”

“A jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá.”

“Ilé wọn yẹn mà tóbi o.”

“Ó tóbi,” ni Màmá fèsì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fọ́ ife tó tún fi pamọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn. Wọ́n to yàrá kan síbẹ̀ bí ilé àwọn ará ìgbàanì, wọ́n pè é ní Ilé Àná: áyọ́ọ̀nù eléèédú, àtùpà, ìkòkò, àti àga ńlá kan. Àwọn tó ṣètò ayọ̀ fún odindi ìlú rántí gbogbo nǹkan àfi ìjókòó. Nígbà tí Oníná fi máa mú àwọn ọmọ dé láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, ó ti fẹ̀yìn ti àga àwọn ará ìgbàanì, ó sì ti bọ́ bàtà.

Èrò ti pé lé e lórí. “Ẹ wò ó, wọ́n tiẹ̀ fi èèyàn gidi sí i!” ni obìnrin kan wí, ó ń ya fọ́tò. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó lé e dìde wo èrò náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ìpàtẹ yẹn, ẹnì kan ò tíì dúró wò ó. Ó bá pinnu pé òun ò rí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

“Màmá, kí lẹ máa ń fi èyí ṣe?” Tísà kan ló na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù eléèédú yẹn.

“Ìyẹn? Òun la fi ń lọ ọkọ tó bá pẹ́ kó tó wálé.”

Tísà náà kọ ọ́ sílẹ̀. Oníná fẹ́ rì wọlẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníná ni ìyá yìí fi ń lọ aṣọ rẹ̀ láti kékeré, kò lo eléèédú rí.

Ọmọdébìnrin kan wá béèrè pé, “Ìyá Àgbà, tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ibo lẹ máa ń sùn?”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. “O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ọkùnrin tó gbé báàgì pupa dání lẹ́yìn yẹn ló mọ̀ ọ́n. Àtàárọ̀ ló ti fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Ẹ bá mi bi í.”

Gbogbo wọn yíjú sí i, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yíjú.

“Ilé ni, Màmá.”

“Ilé ta?”

Ó wá irọ́ tì. “Ilé ẹ̀gbọ́n mi. Tí ìsinmi bá ti parí. Wọ́n máa fún yín ní yàrá.”

“Èyí tí mò ń sùn sí lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ ló máa lò ó.”

“Mo ti gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá,” ni Màmá wí. “Ògiri ilé yín fẹ́lẹ́. Mi ò sọ pé mi ò ní lọ. Ẹnu ìwọ gan-an ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ó dùn mí pé o ní láti mú mi rin gbogbo ìlú nínú oòrùn kó o tó lè sọ gbólóhùn kan fún ìyá rẹ.”

Ojú ti Oníná débi tí omi fi lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ni gbogbo èrò bá gbà á.

“Wọ́n mọ eré ṣe o!” ni obìnrin tó ń ya fọ́tò wí. “Èyí tó ṣe ọmọ yẹn ló tiẹ̀ wù mí jù. Ẹ wo omi lójú ẹ̀!”

“Màmá, aago mélòó lẹ tún máa ṣe é?” ni tísà béèrè.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni,” ni Màmá dá a lóhùn. Ó wọ bàtà, ó di àwọn ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ. Oníná gbé báàgì tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi jáde.