Ìwé Gáráńtì Ojú-Ò-Tó

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni gbẹ́nàgbẹ́nà náà fi rẹ́ pákó, tó fi fá a, kí eruku pákó tó wá san án lẹ́san nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ojú-Ò-Tó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé tábìlì kan gún tí kò ní dáhùn pé, "Ojú ò tó o, ẹ gbé tépù wá." Nígbà tí àìsàn dé, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà di ìrìn-àjò tí ó gbọ́dọ̀ ti sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn, kò sì sóògùn tó lè sọ ọ́ di rírọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fa afẹ́fẹ́ sínú títí dọjọ́ tí ẹ̀mí bá pin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló gbà á sílé. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, òun náà ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Yàrá méjì ni wọ́n ní, lórí àjà kẹta. Ní yàrá iwájú, maṣíìnì ìránṣọ ń ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ní yàrá inú, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń mí húù, húù, tọ̀sán-tòru, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti ara rẹ̀ gba ẹ̀yìn etí gbẹ́nàgbẹ́nà wọ ihò imú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló máa ń wí, "ẹ̀rọ méjì lẹ ní báyìí. Ọ̀kan ń rán aṣọ, ìkejì ń rán ẹ̀mí."

Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni ẹ̀rọ náà kú. Ó kọ́kọ́ ké píì, píì, ó wúkọ́ bí ẹni tí ata ta lọ́fun, ó sì dákẹ́. Aránṣọ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ó bá àbúrò rẹ̀ níjòókòó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ẹja tí wọ́n kó sórí ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dà bí aró. Àgbá irin kékeré kan wà ní igun yàrá, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ṣe gbé e fún wọn. Aránṣọ sáré so rọ́bà mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ inú àgbá náà kò lè ju wákàtí márùn-ún lọ.

"Jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn," ni ó wí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà mi orí. Ìgbà tó lọ kẹ́yìn, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Aránṣọ tú àpótí aṣọ rẹ̀ títí ó fi rí ìwé gáráńtì. Ọdún méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, oṣù mẹ́jọ ṣì kù. Àmọ́ bó ṣe yí ẹ̀rọ náà padà kó lè ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé bébà pupa tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n kọ "Ẹ má tú u" sí, ti ya sí méjì.

"Ta ló tú ẹ̀rọ yìí?"

Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. "Èmi ni. Ó ń dún lódìlódì lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ tí ẹ lọ ra òwú. Mo ní kí n gbọn eruku inú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kì í lè káwọ́ gbera, ẹ̀gbọ́n mi." Ó mí díẹ̀, ó tún mí. "Ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rà á."

Aránṣọ mú fóònù. Ó mọ irú àwọn tó ń tajà. Ọjọ́ tí o bá rajà, ìwọ ni ọ̀rẹ́ wọn. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, wọn ò rí ọ rí láyé. Síbẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé gáráńtì náà. Ohùn obìnrin kan gbé e, ohùn ọ̀dọ́, ó kí i dáadáa, ó bi í ní nọ́ńbà ẹ̀rọ, ó bi í ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Lẹ́yìn náà:

"Mà, ṣé ẹnikẹ́ni ti tú u rí?"

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu aránṣọ, kó sọ ọ́ ló kù. Kò mọ ohun tó gbé e mì.

"Àbúrò mi tú u. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọmọ mi. Àmọ́ ẹ dákun, wákàtí mẹ́rin ló kù fún un."

Obìnrin náà ní, "Ẹ má pa fóònù, mà."

Aránṣọ gbọ́ tí àga há ilẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí òfin ṣe wí pé ẹni tó bá tú ẹ̀rọ ti pàdánù gáráńtì, ó sì gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà lókè rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí ná, ká tó máa wádìí ẹni tó tú nǹkan!" Nígbà tó padà sórí fóònù, èémí tirẹ̀ náà ń sáré. "Atúnẹ̀rọṣe wa ti ń bọ̀, mà, ó gbé ẹ̀rọ mìíràn dání. Ọ̀nà jìn díẹ̀. Màá máa pè yín títí á fi dé."

Kò purọ́. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, ó pè. Ó ní kí wọ́n gbé e jókòó, kó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kó má sọ̀rọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Ṣé kò níṣẹ́ mìíràn ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi iye afẹ́fẹ́ inú àgbá náà hàn wọ ibi pupa, kò ṣàwàdà mọ́. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Atúnẹ̀rọṣe gbé ẹ̀rọ lé èjìká gun àjà mẹ́ta. Kò kí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ tàn. Ìgbà tí ètè aláìsàn padà sí àwọ̀ rẹ̀ ló tó nu òógùn ojú, tó wá kúnlẹ̀ ti èyí tó bàjẹ́, tó ń tú u.

"Nọ́ọ̀tì kẹta yẹn, mo dè é le jù," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ rọra."

Atúnẹ̀rọṣe rẹ́rìn-ín. Ó yọ fáànù kékeré kan jáde, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i wò. "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́. Láti ilé iṣẹ́ ni àbùkù ti bá a wá, ohun tí màá sì kọ sílẹ̀ nìyẹn. Tiyín ni tuntun yìí. Gáráńtì ọdún méjì mìíràn ló gbé wá."

"Ọdún méjì!" Gbẹ́nàgbẹ́nà wo aago ara ògiri. "Ta ló wá fún èmi ní gáráńtì tèmi?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló tún lò. Kì í ṣe ọjọ́ dáadáa. Oúnjẹ kọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ bó, egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀rọ tuntun náà kò wúkọ́ rárá. Lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin orí fóònù pè, gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. "Ọmọ, ẹ ṣé. Ẹ ò jẹ́ kí n kú ikú ẹ̀rọ. Tí mo bá kú báyìí, ikú tèmi ni mo kú."

Ó kú bẹ́ẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù fún un. Ó dé bọ́tìnnì kẹta kó tó mọ̀. Ẹ̀rọ ń mí, àbúrò ò mí. Ó de èyí tó kù títí dé ọrùn, ó jókòó tì í. Àwọn ará ilé ló wá pa ẹ̀rọ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lò ó ni kò sí mọ́."

Ó gbọ́ tí ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, níbi iṣẹ́, lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó wá di pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń rẹ ẹni tó pè é lẹ́kún. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, aránṣọ ní, "Mi ò lè máa wò ó nínú ilé, mi ò sì ní tà á. Ṣé kò sẹ́ni tó ń pè yín tí òfin ò jẹ́ kẹ́ ẹ ràn lọ́wọ́?"

Ìyá arúgbó kan wà, gáráńtì tiẹ̀ ti parí, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń dá kú, ń dá jí. Wọ́n kọ ìwé gáráńtì náà sórúkọ ìyá yìí. Atúnẹ̀rọṣe tó gun àjà mẹ́ta lọ́jọ́sí ló wá gbé e, aránṣọ sì wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e lọ sílé ìyá náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé rọ́bà gba ẹ̀yìn etí ìyá náà. Ó ya aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi wé e kó má baà gé e lára. Ìyá náà fa èémí, ó pa ojú dé, ó tún fà á, bí ẹni tó ń mumi.

"Ọmọ mi, ta ló ń lò ó tẹ́lẹ̀?"

"Àbúrò mi ni, mà."

"Ara rẹ̀ ti wá yá?"

Atúnẹ̀rọṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ tí kò tú ká.

"Rárá, mà," ni aránṣọ wí. "Ó ti kú."

Ìyá náà wo ẹ̀rọ, ó wo aránṣọ. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ gbọn ibi tó ṣófo. "Jókòó," ló wí.

Aránṣọ jókòó. Ẹkún tí kò rí sun látọjọ́ ìsìnkú ló sun níbẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí kò mọ̀ rí.