Àwọn Ìyá Tó Lọ Wọ Bàtà Wò

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ẹni tó bá ti ní igi mẹ́ta lóko ń rò pé òun náà ti di gómìnà, oníṣòwò gẹdú kan wà ní Orè tó ń jẹ́ Fádáre. Ó ní Pijó 504, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ní ikùn tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tó ra bọ́ọ̀lù aláwọ kan àti jẹ́sì pupa fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn gáréèjì ni wọ́n fi í ṣe alága ẹgbẹ́ wọn, Ìràwọ̀ Orè. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ká ní ewúrẹ́ ló ra bọ́ọ̀lù náà, ewúrẹ́ ni wọn ì bá fi jẹ alága.

Kóòṣì wọn ni Pius, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Pius mọ bọ́ọ̀lù, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù olówó ju bó ṣe bẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Bí Alága bá sín, Pius ni yóò wá aṣọ tí wọn yóò fi nu imú.

Oyèlọlá, ọmọ ọdún méjìlá, ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn. Ẹfúnróyè ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú. Oko kòkó olóko ló ń bá wọn ṣe lọ́nà Ago Alaye, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé. Ṣàdéédé ni Oyèlọlá ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ìmẹ́lẹ́ ló dé, ó mú pàṣán, ó nà án. Ọmọ náà ò ké. Ògiri ló kàn ń wò.

Ni wọ́n bá fi Gàzálì rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Límátù oníbúrẹ́dì ni Gàzálì. Ẹnu Límátù kì í ṣe ẹnu kékeré: bó bá ń polówó búrẹ́dì, awakọ̀ tó ń sáré lọ sí Bìní á kàn ṣàdéédé tẹ bíréèkì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Gàzálì ń jẹ ẹ̀bà, ló bá ní, "Màmá, bí àgbàlagbà bá ní kéèyàn má sọ nǹkan fún ìyá ẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni téèyàn bá sọ?"

"Àgbàlagbà wo?"

"Alága. Wọ́n ní kí n wá wọ bàtà bọ́ọ̀lù wò ní yàrá àwọn lókè lọ́jọ́ Sátidé, èmi nìkan. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún yín, ẹlòmíràn làwọn máa fún. Wọ́n ní Oyèlọlá náà wá wọ tiẹ̀."

Límátù tó lè bú lọ́rí nítorí pé ó fọn fèrè, kò pariwo. Ó sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó ti fọwọ́ kàn ẹ́ rí?"

"Rárá, mà."

"O káre tó o sọ fún mi. Ká tiẹ̀ ní ó ti fọwọ́ kàn ẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ṣé o gbọ́? Jẹun ẹ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dúró ti Pius lórí ní ìsọ̀ táyà, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Madámù, ẹ rọra," ni Pius wí, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. "Ọkùnrin yẹn ló ra bọ́ọ̀lù o."

"Bọ́ọ̀lù ló rà, kò ra ọmọ."

"Bóyá bàtà lásán ni."

"Bàtà wo ni wọn ò lè wọ̀ wò lórí pápá? Ṣé bẹ́ẹ̀dì ló máa bá a so okùn ẹ̀ ni?"

Pius tẹjú mọ́ táyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo rí Oyèlọlá lọ́jọ́ tó ti ọ̀hún dé. Kò lè wo ojú mi. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"O ò bi í?"

"Mi ò bi í."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ náà ń bá wa lọ."

Ọ̀dọ̀ Ẹfúnróyè ló gbà lọ láti ibẹ̀, ó bá a kó tó lọ sóko. Ohun tí Oyèlọlá sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tiẹ̀ ni, a ò ní tú u síta níbí. Kẹ́ ẹ sáà mọ̀ pé Ẹfúnróyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀ ẹ́ nítorí pàṣán. Kí ìyá bẹ ọmọ nílẹ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Sùlè, dírẹ́bà Alága, gbé Pijó dé ilé Límátù. Gàzálì ti wà nílé ìyá ìyá rẹ̀, ó ń jẹ dòdò. Límátù, Ẹfúnróyè, Ìdáyátù elépo àti Evelyn aránṣọ, tí ọmọ tiwọn náà wà nínú ẹgbẹ́, ni Sùlè bá lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti wé gèlè, tí Pius sì há sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ kọ nílà.

"Alága ní ọmọ nìkan ni kí n gbé wá," ni Sùlè wí.

"Àwa la bí i," ni Límátù dá a lóhùn, ó ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Wa mọ́tò, jàre."

Alága ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látòkè pẹ̀lú jalamíà funfun, lọ́fínńdà rẹ̀ ti ṣáájú ikùn dé pálọ̀. Nígbà tó rí àwọn obìnrin mẹ́rin lórí àga tìmùtìmù rẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ta ni yín?"

"Agbábọ́ọ̀lù tuntun ni wá," ni Límátù wí. "A wá wọ bàtà wò."

Evelyn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó odó, nà án síwájú Alága. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí, sà. Ẹ rọra, ó ní kókó."

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án lèmi ń gbá," ni Ìdáyátù wí. "Ṣé yàrá lókè náà la ti máa wọ tèmi ni, àbí ká wọ̀ ọ́ níbí kí gbogbo wa rí i?"

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ló wá fa ojú ro. "Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ní ìlú yìí?"

Ẹfúnróyè tí kò tíì sọ̀rọ̀ dìde. "Mo mọ̀. Ọmọ mi ti sọ fún mi."

"Ọmọdé máa ń purọ́," ni Alága wí.

"Mo rí i, sà." Pius ti bọ́ síwájú. "Mo rí ọmọ náà lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé. Kì í ṣe irọ́."

Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n gbà lọ tààrà. Kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ wọn tán, Alága ti fẹ́ sá lọ. Sùlè kọ̀, kò wa ọkọ̀ fún un, ni Alága bá fúnra rẹ̀ wà á. Ó tó ọdún mélòó kan tó ti di ọkọ̀ mú gbẹ̀yìn. Kò kúrò ní Orè: iwájú gáréèjì ni Pijó ti kó sí gọ́tà, táyà rẹ̀ bẹ́. Ó ń nawọ́ owó sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Pius, tó ti kọ tiẹ̀ tán tó sì ti padà sí ìsọ̀, ní òun ò lẹ táyà lónìí. Ibẹ̀ làwọn ọlọ́pàá bá a.

Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n náà kéré, Límátù ló sì pariwo jù nínú wọn.

Àbúrò Alága wá kó jẹ́sì àti bọ́ọ̀lù lọ, bí ẹni pé àwọn ọmọ ló ṣẹ̀. Àwọn ìyá pe ìpàdé lórí pápá. Wọ́n ní látòní lọ, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú àgbàlagbà kan nínú yàrá tàbí nínú ọkọ̀, àgbàlagbà tó bá sì ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

"Àtèmi náà?" ni Pius béèrè. "Èmi tí mo bá yín lọ?"

"Ìwọ gan-an," ni Evelyn wí. "Bí angẹ́lì bá wá kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ìta gbangba ló máa dúró sí."

Pius rò ó, ó ní ó tọ́.

Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n wọ̀ lọ pàdé àwọn ọmọ Odigbo, bọ́ọ̀lù rọ́bà ni wọ́n fi múra sílẹ̀. Wọ́n jẹ ìyà. Gàzálì nìkan ló rí góòlù kan jẹ, orókún ló sì fi gbá a. Àwọn ìyá tò sẹ́bàá pápá, wọ́n ń bú rẹfirí débi tó fi bẹ Pius pé kó bá òun bẹ̀ wọ́n.

Oyèlọlá ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó fi dandan mú un. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́rí, Evelyn ṣì ń bínú pé rẹfirí fagi lé góòlù wọn kan láìnídìí.

"Ófúsáìdì ni, mà," ni Oyèlọlá wí.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó tún wo Evelyn. Ó gba búrẹ́dì mélòó kan lọ́wọ́ Límátù, ó tò wọ́n sórí pákó ọkọ̀ bí agbábọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.