Abọ́ Omi Lẹ́yìn Jíìpù

"Ó tún ti dà nù!"

Ìyàwó awakọ̀ náà gbé abọ́ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn jíìpù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè rí i. Omi tó kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó wa ọkọ̀ wò, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló kù tó já bọ́ sínú eruku. Aṣọ ìyàwó náà ti rin gbingbin.

"Kòtò kékeré nìyí o, Bàbá Ìbejì. A ò tíì dé ibi odò gbígbẹ. Ṣé orí nǹkan yìí lẹ fẹ́ gbé màmá mi sí lọ́la, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún?"

 Ọkọ rẹ̀ ti tún wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ẹsẹ̀ náà ò sì dúró jẹ́ẹ́.

Lọ́la ni ọsibítù máa dá màmá sílẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ mì ín jìgìjìgì. Ọ̀nà tó gun òkè lọ sílé wọn sì rèé, òkúta ló pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, odò gbígbẹ kan sì là á kọjá. Táksí kankan kì í débẹ̀. Jíìpù yìí nìkan ló ń gùn ún.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni awakọ̀ náà pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń tẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n. Ó ti rẹ àwọn ti tẹ́lẹ̀: tó bá ti kó búlọ́ọ̀kù fáwọn tó ń kọ́lé lókè, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀ bí ajá tó fẹ́ jókòó, abẹ́ rẹ̀ á sì máa ha òkúta. Ó ra èyí tó ki, tó sì ga, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Mẹ́káníìkì tó tà á fún un ti sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún o. Tó bá ṣófo, á máa ta yín nípàá." Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ta ló ń wa ọkọ̀ òfìfo?

"Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà síbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo ti tà á fún onírin àlòkù."

"Háà! Ẹ ti ta ẹ̀yìn màmá mi fún onírin àlòkù!"

Fóònù dún. Ọ̀gá bíríkìlà ni, ó ń béèrè búlọ́ọ̀kù tó yẹ kó dé lọ́la. "Màá pè yín padà, ọ̀gá." Awakọ̀ náà bọ́ síta, ó jókòó sórí òkúta, ó dìde, ó tún jókòó. Ó tún padà sábẹ́ ọkọ̀.

"Jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Máa fò sókè sódò," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé mo padà di ọmọdé ni?"

Àmọ́ ó fò. Irin náà ò tiẹ̀ mira. Ọkọ rẹ̀ dì í mú, ó ń wò ó. Irin tí kò tẹ̀, gbogbo òkúta tí táyà bá gbá ló ń fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó jókòó.

"Tíì mi ò dà!" ló pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Tíì wo?"

"Lọ́jọ́ tí mo kó búlọ́ọ̀kù. Ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi dókè, kò dà. Ẹrù ló tẹ irin náà! Irin náà ò burú, kò rí ẹrù gbé ni."

Wọ́n jọ rọ iyanrìn sínú àpò, wọ́n tò ó sẹ́yìn ìjókòó, ọkọ rẹ̀ fi okùn dè é pinpin. Wọ́n pọn omi kún abọ́, wọ́n wa ọkọ̀ wò: ìdajì omi ló kù. Wọ́n fi àpò kún un. Ó tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà, kí rọ́bà náà lè máa tẹ̀ lórí òkúta. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n la odò gbígbẹ já. Ìyàwó rẹ̀ wo abọ́, ó wo aṣọ ara rẹ̀.

"Àtàǹpàkò mi nìkan ló tutù," ló wí jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, màmá dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ rẹ̀. Àna rẹ̀ ń wa ọkọ̀ bí ẹni ru ẹyin, òógùn ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ni gbogbo àpò wọ̀nyí? Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé ni?"

"Ẹ ti fúyẹ́ jù fún ọkọ̀ yìí ni, Mà," ni awakọ̀ náà dáhùn.

"Oúnjẹ ọsibítù ni! Mo sọ fún wọn." Ó yíjú sí fèrèsé. "Tá a bá ti ń sún mọ́ odò gbígbẹ yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún mi, kí n lè di nǹkan mú."

"A ti kọjá ẹ̀, Mà."

Nínú dígí tó wà níwájú awakọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. 

Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé nígbà tí fóònù tún dún.

"Ọkọ̀ ọ̀hún dà?" ni ọ̀gá bíríkìlà bi í. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi ti jókòó o."

Awakọ̀ náà wo àwọn àpò iyanrìn. Dókítà ti ní kí màmá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì bá yín gbé e, ọ̀gá," ló wí. "Ọkọ̀ mi ti kún."

Ó fi fóònù sápò, ó sì ta tapólì bo iyanrìn náà, kí òjò má baà pa á.