Èékánná Lateefah

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Mowe, Ṣàkírù di ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi máákà tó fi ń sàmì sí pákó kun èékánná ọmọńdinrín rẹ̀ dúdú. Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ ti ní kó gbé Lateefah lọ síwájú mọ́ṣáláṣí, níbi táwọn nọ́ọ̀sì ti ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ èéyi lọ́fẹ̀ẹ́. Èékánná ọmọ tó bá ti gbà á ni wọ́n ń kùn. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìlera ti pe Ṣàkírù ní púrúǹtù lójú gbogbo èrò, torí pé kò lè ka ọjọ́ inú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà. Ó búra pé abẹ́rẹ́ wọn ò ní kan ọmọ òun.

Nàfísàt dé, ó rí ìka náà. "Bàbá Lateefah, ẹ ṣeun o." Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Lónìí, ojú Lateefah pọ́n, ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ ń jó. Èéyi ti wọ àdúgbò wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ṣàkírù ló kan pósí ọmọ Gbémiga tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn. Pákó kan ló gbà, ó sì tún ṣẹ́ kù.

Ní ilé ìlera, nọ́ọ̀sì yẹn náà ló jókòó. Kò tilẹ̀ rántí Ṣàkírù.

"Ìyá Lateefah, àyè oṣù mẹ́sàn-án ṣófo nínú káàdì yín. Ṣé ó gba ti èéyi?"

"Ó gbà á, mà. Bàbá ẹ̀ ló gbé e lọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Mo fojú mi rí èékánná ẹ̀."

"Wọn ò wá kọ ọ́ sínú káàdì?"

"Bàbá ẹ̀ yìí? Òun àti káàdì ń jà, mà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ara ọmọ náà ò tíì sú, ó ní, kí wọ́n lọ tọ́jú ibà nílé. Àwọn tí èéyi ń ṣe ló kún yàrá inú. Kò dáa kó wọ àárín wọn. Nàfísàt dúpẹ́, ó sì pọn ọmọ.

Ṣàkírù kò tẹ̀ lé e. Ó wo nọ́ọ̀sì tó ti ń bá yodì láti ọjọ́ yìí wá, ó rí i pé òun nìkan ló ń ja ìjà náà.

"Kò gbà á."

Nàfísàt yíjú padà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi. N ò gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Máákà ṣọ́ọ̀bù ni mo fi kùn ún, mo sì jẹ́ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."